Ìwé Ìtàn Àròsọ Tó Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà: Láti Orí Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Dé Orí Òwe Ọmọ Pọ̀bẹ́

Ìwé ìtàn àròsọ tó yà kúrò lójú ọ̀nà ni ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé: pé kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí asọ̀tàn kan ṣoṣo máa bá a lọ, kí èdè rẹ̀ jẹ́ èdè inú gírámà, kí gbogbo ọ̀ràn sì yanjú ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó yà lè fi lẹ́tà nìkan kọ ìwé rẹ̀ tán. Ó lè dá ìtàn dúró kí àgbàlagbà kan jókòó kí ó máa kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méje. Ó lè sọ ìtàn kékeré kan ṣoṣo ní ọ̀nà 99. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, a ó sì dárúkọ àwọn tó ṣe é.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá kò jìnnà. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Ìdàáṣà, àti láàárín àwọn Ifẹ̀ tó wà ní agbègbè Atakpamé ní Tógò, èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀wé. Nítorí náà, bí ìwé Faransé tí olùkọ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ṣe rí ni a rò pé gbogbo ìwé ìtàn àròsọ gbọ́dọ̀ rí. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá gbé ìtàn wá tí oríkì gba ojú ìwé mẹ́ta nínú rẹ̀, tí orin dá ọ̀rọ̀ dúró, tí asọ̀tàn ń bá òǹkàwé wí bí ẹni tó rí i lójúkojú, wọn a ní kí ó lọ yọ wọ́n kúrò kí ìwé tó lè di ìwé. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìwé kíkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tí àwọn olùwádìí kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ wa, lójú ìwé ìròyìn ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń kọ lẹ́tà.

Lẹ́tà obìnrin tí kò sí

Ní oṣù Keje ọdún 1929, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ń kọ ránṣẹ́. Obìnrin náà ti dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì fẹ́ jẹ́wọ́ ayé tó gbé kí ikú tó dé: bí ẹwà ṣe gbé e gùn, bó ṣe fi ọkọ sílẹ̀ lọ bá ọkọ, bí owó ṣe wọlé tó sì jáde, títí tó fi di ẹni tí kò sẹ́ni tó ń yà wò. Lẹ́tà náà ń jáde bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Ní ọdún 1930 yẹn kan náà ni wọ́n kó o jọ di ìwé. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀. Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé, ó sì pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọgbọ́n yìí. Ìwé ìròyìn ni ilé òtítọ́: ibẹ̀ ni ìròyìn ikú, ìpolówó ọjà àti ọ̀rọ̀ ìjọba ń gbé. Bí a bá fi irọ́ dáadáa sáàárín wọn tí a kò sì kọ ọ́ sí i lórí pé ìtàn àròsọ ni, ìwé ìròyìn náà ti di ara ìtàn nìyẹn. Àdúgbò Èkó tí Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ, àdúgbò tí òǹkàwé ń gbà kọjá ni. Orin tó ń kọ, orin tí ará ìlú ti mọ̀ létí ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ohùn rẹ̀. Olóòtú a sì máa dá sí ọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun pẹ̀lú ń dúró de lẹ́tà tó kàn. Àwọn òǹkàwé náà kọ̀wé wá sí Akéde Èkó nípa rẹ̀.

Ní tiwa, ìbáwí inú ìwé náà pọ̀ jù. Sẹ̀gilọlá a máa kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin títí yóò fi sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ló jẹ́ kí ohun kan ṣeé ṣe tí asọ̀tàn tó dúró lókèèrè kò lè ṣe. Bó ti ń ronú pìwà dà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń dùn. Bó bá dé ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń sáré tẹ̀ lé e, a ó rí i pé ó ń gbádùn ohun tó ní òun ń kábàámọ̀. Ohùn méjì wà lẹ́nu kan, kò sì sí olùkọ́ tó dúró lẹ́bàá wọn láti sọ èwo ni ká gbà gbọ́.

Ọdún 1938, apá ibí àti apá ọ̀hún

Ní ọdún kan náà, ìwé méjì jáde láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà. Àwọn tó kọ wọ́n, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. A kò tí ì rí i kí àwọn ènìyàn wa tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó bó ti yẹ.

Paul Hazoumé jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́. Wọ́n bí i ní 1890, ilé Ègùn ló sì ti wá. Kí ó tó kọ ìtàn àròsọ, olùṣèwádìí àṣà ni: ìwé rẹ̀ lórí ìmùlẹ̀ ní Dàhòmì jáde ní 1937. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Doguicimi jáde ní Paris. Ààfin Abomey ní ayé Ọba Gezo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ogun kó Toffa, ọkọ Doguicimi, lọ, obìnrin náà sì kọ̀ láti fẹ́ ẹlòmíràn, bí ààfin tilẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ìtàn tó ṣeé sọ ní ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ṣùgbọ́n Hazoumé kì í jẹ́ kó sáré. Bí ayẹyẹ ọba bá dé, gbogbo ayẹyẹ náà ni yóò kọ sílẹ̀, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń kí ọba, bí wọ́n ṣe ń to ara wọn, ohun tí olúkúlùkù wí. Òwe Fọ̀n wọ aṣọ Faransé, wọ́n sì ń rìn bọ̀ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Àríyànjiyàn ti wà lórí bóyá ìtàn àròsọ ni tàbí ìwé àṣà. Lójú tiwa, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ Hazoumé wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ka ìwé náà kò lè mọ ibi tí ìtàn ti parí tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ń jókòó sí àgbàlá ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, ó ń dúró kí ètò parí bí àwọn ìjòyè ṣe ń dúró. Ká sì sọ òótọ́, ọmọ Kétu kò lè ka àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn bí ọmọ Paris ṣe kà á. Ogun Dàhòmì ló fọ́ Kétu ní 1886. Ọ̀ṣọ́ ààfin náà dára, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀nà tí àwọn kan nínú àwọn ẹrú tó wà níbẹ̀ gbà débẹ̀.

Ìwé kejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ, tí ilé ìtàwé ìjọ CMS ní Èkó sì tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìwé yìí fún iwin àti ẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bí ó ṣe tò ó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ojú ìwé kìíní kì í ṣe ọdẹ. Akọ̀wé lásán ni. Bàbá arúgbó kan ló bá a, tó ní kí ó mú gègé àti ìwé kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Arúgbó náà ni Àkàrà-oògùn. Bó bá sọ tòní, a lọ, a padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn ìlú a sì ti gbọ́, wọ́n a pé jọ. Bí òkìkí ìtàn ti ń kàn láàárín ìlú, inú ìwé náà ni òkìkí yẹn wà: àwa tí a ń kàwé ti di ara èrò tó ń tì ara wọn láti gbọ́.

Níbi tí ìrìn àjò sí Òkè Lángbòdó ti yẹ kó gbóná jù, tí Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Ọlọ́hùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù ti la ewu kọjá, ìtàn dúró. Wọ́n wọ ilé Ìrágbèje, ọjọ́ méje ni ọkùnrin náà sì fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó fi ojú ilé-ìwé wò ó yóò ní Fágúnwà ba àhunpọ̀ ìtàn jẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà kò ní yà á lẹ́nu. Ọdẹ tó bọ̀ láti igbó kì í sọ ohun tó rí lẹ́sẹẹsẹ, a máa yà bá àwọn ọmọ wí, a sì padà sórí ìtàn nígbà tó bá wù ú. Fágúnwà kàn jẹ́ kí ìwé gba ìrísí ẹnu ọdẹ ni.

Ọ̀mu, adẹ́mu àti ọkùnrin Paris

Ọ̀nà tí Amos Tutùọlá ti Abẹ́òkúta gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka Faransé jẹ́ ohun àrà. The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, lọ́wọ́ ilé Faber and Faber. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni Tutùọlá ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ìtàn rẹ̀: ọ̀mu kan ní adẹ́mu kan, adẹ́mu náà já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ó sì kú, ọ̀mu wá gbéra lọ wá a ní ìlú àwọn òkú. Láàárín iwin àti egbére, Tutùọlá a máa kó iye nǹkan sílẹ̀ bí akọ̀wé ọ́fíìsì. Oko ọ̀pẹ tí bàbá fún ọmọ rẹ̀ ní igi 560,000. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 ni adẹ́mu ń dá láàárọ̀, ó ń dá 75 sí i nírọ̀lẹ́. Ìyàwó ọ̀mu náà ti kọ́kọ́ tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà, ọkùnrin tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tó wá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà tó ń san owó ìyá wọn, títí tó fi ku agbárí. Àlọ́ yẹn, ìyá àgbà pọ̀ tí yóò pa á fún yín ní Ṣábẹ̀ àti ní Kétu pẹ̀lú orin rẹ̀. Ti Tutùọlá ni owó ìyá náà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà bínú sí ìwé yìí nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, pé àwọn òyìnbó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Ní 1953, Gallimard tẹ ìwé náà ní Faransé pẹ̀lú àkọlé L'Ivrogne dans la brousse. Olùtúmọ̀ rẹ̀ ni Raymond Queneau, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí Queneau kì í ṣe olùtúmọ̀ kan ṣáá. Ní 1947 ó ti tẹ Exercices de style, níbi tó ti sọ ìtàn kan náà ní ọ̀nà 99: ọkùnrin kan bá ẹlòmíràn jà nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà wọ́n rí i níwájú ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí bọ́tìnì ẹ̀wù. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìtàn náà. Ó sọ ọ́ bí àlá, ó sọ ọ́ bí lẹ́tà ìjọba, ó sọ ọ́ bí ewì. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń jà pé Faransé tí wọ́n ń kọ àti Faransé tí wọ́n ń sọ ti di èdè méjì. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ní rí àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá. Ọ̀nà ni yóò rí. Ohun tí wọ́n ń tijú rẹ̀ ní Èkó, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí èdè tirẹ̀ ló gbé e wọ Faransé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ọmọ Lomé tó bá ka Tutùọlá ní Faransé, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aṣàdánwò méjì ló ń kà pọ̀.

Ní 1960, Queneau àti François Le Lionnais dá ẹgbẹ́ Oulipo sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi òfin líle de ara wọn kí wọ́n tó kọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn, Georges Perec, kọ odidi ìwé ìtàn àròsọ, La Disparition, ní 1969 láìlo lẹ́tà e rárá. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣeré díẹ̀. Yorùbá tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò pàdánù ilé, ewé, ère àti òde; kò ní lè ní ilé-ìwé, kódà kò ní ní ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀, ìtàn, orin àti àlọ́ yóò kù sí i lọ́wọ́. Òfin tó le jùyẹn lọ wà nítòsí wa: ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀ láìní kọ́ńsónáǹtì kankan, ohùn nìkan ló ní, ẹni tó sì mọ oríkì ń gbọ́ ọ.

Òwe lójú ìwé

Kò yẹ ká fò kọjá lórí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ̀ ṣòro láti rí lọ́dọ̀ wa. Ní Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), ó mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti òyìnbó, ó fi í lé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kí Yorùbá tó kún fún òwe àti àwàdà máa lé olè kiri.

Ẹni tó sún mọ́ wa jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni Florent Couao-Zotti, tí wọ́n bí ní Pọ̀bẹ́ ní 1964. Faransé ló fi ń kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn Ahmadou-Kourouma ní 2010 jẹ́ ìtàn ọ̀daràn ní Kútọnú, àkọlé rẹ̀ sì ni Si la cour du mouton est sale, ce n'est pas au porc de le dire: bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ ká ti gbọ́. Àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn a máa fẹ́ àkọlé kúkúrú, ẹ̀jẹ̀ tàbí òru. Òwe ni tirẹ̀, àti òwe tó ń bá òǹkàwé fà á kí ó tó ṣí ìwé rárá: nínú àwọn tó wà níbí, ta ni àgùntàn, ta ni ẹlẹ́dẹ̀? Kourouma tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn náà, ọmọ Côte d'Ivoire, mọ ohun tí irú èyí ń náni. Les Soleils des indépendances, tó kọ ní Faransé tí Malinké ń mí lábẹ́ rẹ̀, Montréal ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1968 lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ ọ́ ní Paris. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Paris wá tẹ̀ ẹ́.

Bí a bá wo gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó kàn da ọ̀nà rú. Thomas mú lẹ́tà sí olóòtú, Fágúnwà mú ẹnu ọdẹ, Tutùọlá mú àlọ́ pẹ̀lú ìwé ìṣirò ọ́fíìsì. Ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni olúkúlùkù fà sí ibi tí kò retí. Nítorí náà a kò ní yin ìwé kan kìkì nítorí pé oríkì wà nínú rẹ̀. Oríkì tí a lẹ̀ mọ́ ìtàn bí àbùlẹ̀, tí ó ṣeé yọ láìjẹ́ pé nǹkan kan yẹ̀, olóòtú tó yọ ọ́ kò jẹ̀bi. Ìbéèrè tó yẹ kí olóòtú bi ara rẹ̀ ni bóyá ìtàn náà lè dúró bí wọ́n bá yọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Kétu

Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àjogúnbá Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ṣùgbọ́n ijó àti ère orí rẹ̀ ni àlejò sábà ń wò. Òru Ẹ̀fẹ̀ ní ètò tirẹ̀. Akọrin jáde, ó júbà Olódùmarè, òrìṣà àti àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà ó súre, ó bú oníwà burúkú, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú láàárín ọdún, àwọn èrò sì ń gbe orin. Ẹni tí wọ́n ń fi orin bú lè dúró láàárín èrò kí ó máa gbe orin náà pẹ̀lú wọn. Ìwé ìtàn kan lè gba ìrísí yẹn pátápátá: òru kan, akọrin kan, orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ orí kan, agbo sì jẹ́ asọ̀tàn kejì tí kì í gbà pẹ̀lú akọrin nígbà gbogbo. Ohun awo kò sí lára ohun tí à ń béèrè níbí. Èyí tó wà ní gbangba ọjà ti tó.

Èkejì ni lẹ́tà tí a fi ń kọ èdè wa fúnra rẹ̀. Ìmẹ̀kọ àti Kétu jẹ́ ilẹ̀ ọba kan náà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fẹnu kò lórí ààlà ní 1889. Lónìí, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó ń kọ Yorùbá yóò kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ọmọ Kétu tó kọ́ ìlànà ìkọ̀wé Bẹ̀nẹ̀ yóò kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Bí ẹ̀gbọ́n kan ní Ìmẹ̀kọ bá kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ tó sọnù, kpɛ́kpɛ́yɛ ni àbúrò yóò fi dá a lóhùn. Ìwé ìtàn tí a kọ ní lẹ́tà bíi ti Sẹ̀gilọlá, láàárín irú ọmọ ìyá méjì bẹ́ẹ̀, kò nílò kí asọ̀tàn kankan ṣàlàyé ààlà: yóò hàn nínú gbogbo ìlà. Ohun tí a ń bẹ olóòtú tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni pé kí ó má ṣe tún àkọtọ́ àbúrò ṣe kó lè bá ti ẹ̀gbọ́n mu.